Idẹ Tó Kú Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìbọn náà dún, àmọ́ ariwo rẹ̀ tó ti mẹ́ta. Kí àwọn ẹyẹ orí igi tó fò tán, Sàláwù oníṣòwò aṣọ ti fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlárá, òun àti ìdì àǹkárá mẹ́fà tó dè sẹ́yìn rẹ̀ ti pínyà, ó sì ti wà láàárín oko ẹ̀gẹ́, ó dojú bolẹ̀, ó ń ka gbogbo àdúrà tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀ tán. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, nínú oṣù keje ọdún 1963, ilẹ̀ pupa Kétu ṣì tutù láti inú òjò àná. Ta ló rò pé olè máa ń tètè jí tó bẹ́ẹ̀?

Ọkùnrin tó yìnbọn náà da àpò gààrí borí, ó lu ihò méjì sí i fún ojú. Ìbọn ìléwọ́ ló mú dání, irú èyí tí àgbá ọta rẹ̀ máa ń yí. Kò lé Sàláwù rárá. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ṣí ìbọn, ó fẹ́ yọ ìkarahun ọta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn kúrò nínú rẹ̀. Kò jáde. Ó fi ìka fà á, kò jáde. Ó ki igi bọ̀ ọ́ láti iwájú, ó mú òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án: kó, kó, kó, ó sì ń bú ìyá ìbọn àti bàbá rẹ̀. Nígbà tó jábọ́ tán, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀ tó jó, ó gun kẹ̀kẹ́ olóhun, ó gbé aṣọ olóhun, ó lọ.

Sàláwù jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn tó kó wá sí Kétu ní ọdún méjì sẹ́yìn. Kì í ṣe akíkanjú, kò sì purọ́ rí pé òun jẹ́ ọ̀kan, àmọ́ ojú rẹ̀ mú. Ó lọ síbi gbòǹgbò yẹn, ó tú koríko, ó rí ìkarahun idẹ kékeré náà, kò gùn ju oríkèé ìka méjì lọ. Ó dì í mọ́ etí fìlà rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé búrígádì, ilé àwọn sàndáámù, ọlọ́pàá ilẹ̀ Dahomey.

Clément ni ọ̀gá àwọn sàndáámù, ọmọ Àgbómè ni. Yorùbá rẹ̀ kúrú, ó sì máa ń gé e bí ẹni ń gé ìrèké. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ó fẹ́ kí ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

"Kí ni èyí?"

"Ìkarahun ọta ni, Ṣẹ́ẹ̀fù. Olè yẹn ló kàn án jáde nínú ìbọn."

"O rí ojú rẹ̀?"

"Ojú àpò gààrí ni mo rí."

"Ta ló ń ki ọta ìbọn ìléwọ́ ní Kétu?"

Sàláwù kò fẹ́ dáhùn, torí ó mọ ibi tí ìdáhùn náà ń lọ. "Lábọ̀dé alágbẹ̀dẹ ni."

"Àti ta tún ni?"

"Lábọ̀dé nìkan ni, Ṣẹ́ẹ̀fù."

"Ó tán."

Òótọ́ ni. Ọta tuntun kì í tètè ti Kútọnu dé. Nítorí náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó méjì àti bàbá kan tó ti ṣe ọmọ ogun Faransé rí máa ń kó ìkarahun tí wọ́n bá ti yìn lọ fún Lábọ̀dé, á sì tún ẹ̀tù àti òjé kì sínú wọn. Ó ní papíyé, ìwé àṣẹ ìjọba, fún iṣẹ́ náà, ó gbé e kọ́ sára ògiri, èéfín sì ti sọ ọ́ di pupa. Papíyé yẹn kò gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Lábọ̀dé ti wà nínú yàrá onírin. Ọjọ́ Ajé ni kàmíyọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ìjọba, yóò gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́, gbogbo Kétu ló sì mọ̀ pé ẹni tó bá dé Àjàṣẹ́ lè lo ọdún méjì kí adájọ́ tó béèrè orúkọ rẹ̀.

Bí ìyàwó alágbẹ̀dẹ mìíràn bá ń fẹ́ ẹwìrì, tí àwọn kan sì ń ta ọkọ́ àti àdá lọ́jà, iṣẹ́ ti Morónkẹ́, ìyàwó Lábọ̀dé, yàtọ̀. Òun ló ń yẹ idẹ wò. Ó ti pé ọdún méjìlá tó ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù, pẹ̀lú igbá mẹ́ta níwájú rẹ̀: igbá èyí tó yè, igbá èyí tó ń ṣàìsàn, igbá èyí tó ti kú. Á kọ́kọ́ wo ìdí ìkarahun. Amọ́ọ̀sì, ojú kékeré tí òòlù ìbọn máa ń gbá kí ọta tó jó, gbọ́dọ̀ ní etí róbótó bí etí àwo. Bó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì kún ihò rẹ̀ dẹ́nu, ẹ̀tù ti pọ̀ jù nìyẹn. Á fi èékánná wọ́ ara idẹ náà láti ìdí dé ẹnu, kó lè mọ̀ bóyá ikùn rẹ̀ wú. Á wá ki abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lórí bọ inú rẹ̀, á máa fà á bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá kọ́ sí kòtò kan lókè ìdí, idẹ yẹn ti ń múra àtijá sí méjì lọ́wọ́ ẹni tó bá yìn ín.

"Èyí tó bá kú kì í jíǹde nílé wa," ló máa ń wí. Á fi ayùn irin ha àgbélébùú kékeré sí etí ìdí rẹ̀, á fi òòlù fọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, á sì sọ ọ́ sínú ìkòkò àtijọ́ kan dé ọjọ́ tí wọ́n bá máa yọ́ idẹ. Lọ́dún méjìlá yẹn, ìbọn kankan kò bú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Kétu. Morónkẹ́ mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀, kò sì fi bò.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ fún ọkọ rẹ̀ ní búrígádì, ó sì kúnlẹ̀ síwájú tábìlì Clément.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n rí idẹ yẹn."

"Ẹ̀rí ni. Ẹ̀rí kì í ṣe ohun ìṣeré, Madáàmù."

"Èmi náà kò wá ṣeré. Ọkọ mi ni ẹ tì mọ́lé."

Clément wò ó títí, ó ti idẹ náà sí i pẹ̀lú ìka kan. Morónkẹ́ gbé e lọ sójú fèrèsé. Kò pẹ́ tó fi mí kanlẹ̀.

"Ẹ wá wò ó. Amọ́ọ̀sì rẹ̀ ti tẹ́ bíi kọ́bọ̀. Kódà ó ti wú jáde, ẹ rí ibi tó ti ha ara irin ìbọn. Ikùn rẹ̀ wú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti la. Ìbọn tó bá yin irú èyí, àgbá rẹ̀ máa há ni, kò ní yí mọ́ títí wọ́n á fi fi òkúta kàn án jáde. Ẹni tó ki ọta yìí kò wọn ẹ̀tù. Ó kàn ń rọ́ ọ bí ẹni ń rọ́ gààrí sápò ni. Ọkọ mi ní ṣíbí eegun tó fi ń wọn tirẹ̀, kò yí i padà rí."

"Ọkọ ẹ lè ṣàṣìṣe."

"Ẹ dúró. Ó ṣì ku nǹkan kan." Ó ki abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ inú ìkarahun náà, ó fà á. "Kòtò wà nínú rẹ̀, èéfín àtijọ́ sì ti dúdú nínú kòtò náà. Idẹ yìí ti kú tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tún un kì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kú, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ilé wa kì í sì í ki òkú."

Ó fi itọ́ pa etí ìdí idẹ náà, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Àgbélébùú kékeré yọ jáde lábẹ́ èéfín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Clément ti rí i. "Àmì ta nìyẹn?"

Morónkẹ́ kò lè purọ́. "Tèmi ni."

"Ó dára." Clément fa ìwé rẹ̀ mọ́ra. "O wá fi àmì ilé yín hàn mí fúnra rẹ. Mo dúpẹ́."

Bí ẹni fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ rẹ̀ ló rí. Kì í ṣe pé Morónkẹ́ kò mọ bí idẹ náà ṣe jáde nílé. Ó mọ̀ dáadáa, ìtìjú ló sì dè é lẹ́nu. Ó bojú wo yàrá onírin tí ọkọ rẹ̀ wà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gan-an.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ má jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́. Èmi ni mo kó mẹ́sàn-án jáde, láìfọ́ ẹnu wọn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Barnabé onítìróò ni mo kó wọn fún."

Ta ni kò mọ Barnabé? Ọkùnrin tó ga, tó ń wọ awò ojú dúdú, tó ń gbé Odomèta, tó sì ń ná gbogbo ọjà láti Adakplamè dé Ìlárá pẹ̀lú àpótí tìróò. Ẹnu rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn arúgbó tí kò fi nǹkan sójú láti ọdún pípẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé tìróò. Ó bá Morónkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ní idẹ kéékèèké yìí dára fún ìgò tìróò, àánú rẹ̀ ṣe é pé wọ́n ń fọ́ ẹnu wọn. "Ìyá mi, ẹ bá mi dá díẹ̀ sí. Ojú yín ni màá kọ́kọ́ fi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́." Ó mú ọ̀kan padà wá lóòótọ́, tìróò kún inú rẹ̀, ó fi àgbàdo gbígbẹ dí i lẹ́nu. Láti ìgbà yẹn ni Morónkẹ́ ti ń lé e láràárọ̀. Ó dá ara rẹ̀ lójú pé òkú tó bá di ìgò tìróò kò lè ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Clément ránṣẹ́ pe Barnabé. Ó wá fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó yọ awò rẹ̀ kó lè kí ọ̀gá.

"O gba idẹ lọ́wọ́ obìnrin yìí?"

"Mẹ́sàn-án, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ọlọ́run ló fi rán an sí mi."

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Lọ́wọ́ àwọn tó rà wọ́n. Gbogbo wọn ti tà."

"Níbo lo wà ní àárọ̀ àná?"

"Lójú ọ̀nà Adakplamè, mo ń lọ sọ́jà."

"Ta ló rí ọ?"

"Gbogbo obìnrin tó ní ojú." Barnabé tún rẹ́rìn-ín. "Ṣẹ́ẹ̀fù, bóyá kí ẹ béèrè nílé yín náà."

Clément wú ikọ́. Ó wú u lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló ní kí Barnabé máa lọ. Morónkẹ́ rò pé àwàdà lásán ni. Bí Barnabé ti ń kọjá lára rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é jẹ́jẹ́: "Ìyá Agathe, tìróò yín á ti fẹ́ tán o. Màá mú òmíràn wá." Morónkẹ́ yára jáde, ó gbàgbé igbá ẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, ó da ìkòkò òkú idẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó ń wo amọ́ọ̀sì yẹn ní búrígádì, ó rí ojú ibi tí òòlù ìbọn ti gbá a. Kò sí láàárín. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló wà, ó ṣe bí ẹni ń yọ́ wọlé. Ó ti rí irú ojú yẹn rí. Ó ń yí idẹ kọ̀ọ̀kan sókè: ti ẹ̀ṣọ́ igbó kìíní, àárín; ti ẹ̀ṣọ́ igbó kejì, àárín, àmọ́ ó jìn. Ó dé orí àwọn mẹ́rin kan tí gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì lu itan rẹ̀.

"Bàbá Ṣàngódélé!"

Kò sí ẹni tó ń pe bàbá yẹn ní olè. Àádọ́rin ọdún ló ti lé lẹ́yìn rẹ̀, ó jagun fún Faransé dé ibi tí yìnyín ti ń bọ́, ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n gbà á láyè láti mú bọ̀ sì ni ayọ̀ rẹ̀. Morónkẹ́ lọ bá Clément nídìí oúnjẹ àárọ̀. Ó bínú, àmọ́ ó tẹ̀ lé e. Sàláwù náà tẹ̀ lé wọn, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ti sọ ẹnu ọ̀nà búrígádì di ilé.

Bàbá ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́. Morónkẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ìbọn yín dà?"

"Inú àpótí ni. Níbo ni kí ó wà?"

"Ẹ jẹ́ kí a rí i," ni Clément wí.

"Rárá o. A kò gbọ́dọ̀ tú u títí di ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira. Òògùn ìpata ṣì ń wọ̀ ọ́ lára."

"Òògùn ta?"

"Ti ọmọ dáadáa yẹn. Barnabé."

Clément kò wú ikọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ṣí àpótí náà fúnra rẹ̀, ó gbé ìdì aṣọ kan tó ń ta òórùn òróró jáde, ó tú u. Ìbọn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Wọ́n tilẹ̀ fi èédú kùn ún dúdú kó lè jọ irin. Bàbá Ṣàngódélé gbé e sọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Oṣù méjì," ló wí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Oṣù méjì ni mo ti ń dúró ṣánṣán níwájú àpótí yìí láràárọ̀, tí mo ń kí igi bí ẹni ń kí ọ̀gá ogun!"

Sàláwù gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un. Bàbá wò ó, òun náà bú sẹ́rìn-ín, omi ọṣẹ sì ń dà sílẹ̀ láti irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rín náà ló wá fi ọwọ́ bo ojú, ó ní ìbọn òun ni àwọn ọ̀rẹ́ òun tó kú sójú ogun mọ̀ mọ́ òun. Morónkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "A máa gbà á padà, Bàbá."

Mọ́tò búrígádì kò ní epo. Báyìí ni òfin ilẹ̀ Dahomey ṣe gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Odomèta: Clément níwájú, ó ń làágùn, Morónkẹ́ lórí irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di bẹ́líìtì ọ̀gá mú, Sàláwù lẹ́yìn lórí kẹ̀kẹ́ àyálò tí kò ní bíréèkì. Wọ́n dé ilé tí Barnabé ń gbé. Obìnrin onílé ní kò tíì pẹ́ tó jáde, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì ní òun ń lọ sí Nàìjíríà lọ ra tìróò.

"Kẹ̀kẹ́ ló gùn?"

"Kẹ̀kẹ́ ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun yá òun."

"Ọ̀rẹ́ kẹ̀!" Sàláwù fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́. Ẹ gbọ́." Láti inú igbó ẹ̀yìn oko kan, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń bọ̀, kẹ́-ẹ́n, kẹ́-ẹ́n, bí adìyẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kẹ̀kẹ́ mi nìyẹn. Ọdún kan ni mo ti ń sọ pé màá fi òróró sí i."

Ojú táyà hàn kedere lórí ilẹ̀ pupa tó tutù. Wọ́n tẹ̀ lé e. Ó gba ẹ̀bá oko àgbàdo, ó yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì sọnù sínú koríko. Wọ́n pàdánù rẹ̀. Clément lọ sápá kan, kò rí nǹkan. Sàláwù lọ sápá kejì, ẹ̀gún ló rí. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ padà ni Morónkẹ́ rí òkítì ilẹ̀ kan níwájú, ibi tí àwọn àgbà ti gbẹ́ kòtò omi òjò nígbà láéláé, tí wọ́n ti pa tì. Ní ilẹ̀ tí kànga ti jìn bí ti Kétu, kò sí ẹni tó lè ṣàìmọ ohun tí irú òkítì bẹ́ẹ̀ jẹ́. Barnabé wà létí kòtò náà, ó ń fi okùn fa ìdì àǹkárá sókè, kẹ̀kẹ́ Sàláwù sì fara ti igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dúró!" ni Clément pariwo.

Barnabé yí padà, ó yọ ìbọn. Gbàù! Ewé já lórí wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú lulẹ̀ sínú àgbàdo. Ìbọn Clément sì wà nínú dúrọ́ọ̀ búrígádì, torí ó rò pé onítìróò lásán ni òun ń lọ bá.

"Ẹni tó bá gbórí sókè, màá fọ́ ọ!" Barnabé ti ń tẹ̀ síwájú, ó na ìbọn. "Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ ju ìbọn yín síta kí n rí i! Ẹ dojú bolẹ̀!"

Morónkẹ́ dojú bolẹ̀. Ó ń rò ó pé Agathe máa di aláìníyàá lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ń lọ sẹ́wọ̀n. Síbẹ̀, etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ń dúró de ohùn kan, ohùn náà kò sì dún. Barnabé ti yin ọ̀kan. Kò jókòó. Kò mú òkúta. Kò sí kó, kó, kó. Bí ọta yẹn bá jẹ́ àbúrò èyí tó wà lórí tábìlì búrígádì, tí òun fúnra rẹ̀ ha àgbélébùú sí, amọ́ọ̀sì rẹ̀ ti wú jáde báyìí, ó ti há mọ́ irin.

Ó dìde.

"Madáàmù! Dọ̀bálẹ̀!"

"Kò tíì kàn án, Ṣẹ́ẹ̀fù." Ó ń rìn lọ bá a. "Barnabé, èmi nìyí. Yìn ín."

"Ìyá Agathe, ẹ padà o! Mi ò ń ṣeré!"

"Èmi náà kò ṣeré. Idẹ mi ni mo wá gbà."

Barnabé fa ọwọ́ ìbọn. Kò sí nǹkan. Ó tún fà á, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Àgbá ìbọn kò yí. Ó fi ọwọ́ òsì lù ú, ó gbìyànjú láti yí i tipátipá, ojú rẹ̀ ń lọ láti ara ìbọn sí ara obìnrin tó ń bọ̀ yìí, tí tìróò òun fúnra rẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta. Kó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún, torí Clément ti fò dé, orí rẹ̀ sì wọ ikùn Barnabé. Àwọn méjèèjì yí gbirigbiri. Sàláwù, ẹni tí kì í ṣe akíkanjú, sáré wá jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní kìnnìún. Àpótí tìróò ti fọ́ lábẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé Barnabé dìde, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Ìbọn ta nìyí?"

"Ti Bàbá Ṣàngódélé."

"Ta ló gbẹ́ igi?"

"Èmi."

"Ìkarahun?"

"Ti Ìyá Agathe."

"Amọ́ọ̀sì?"

"Mo jí wọn nínú àgbẹ̀dẹ lọ́jọ́ tí mo mú tìróò wá."

"Kí ló dé tí o fi rọ́ ẹ̀tù bẹ́ẹ̀?"

Barnabé wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ kó dún gan-an. Bó bá ti dún, wọ́n á sá. Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, Ṣẹ́ẹ̀fù."

"O fa ọwọ́ ìbọn sí mi lẹ́ẹ̀mejì," ni Morónkẹ́ wí.

Ìdì mẹ́fà Sàláwù pé nínú kòtò náà, àti ẹrù àwọn èèyàn mẹ́ta mìíràn tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó ṣe wọ́n. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun, ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú ní Odomèta. Nígbà tí kàmíyọ̀ Àjàṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé, Barnabé ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Lábọ̀dé ti wà nílé, ó ti wẹ̀, ó ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Ṣàngódélé gba ìbọn rẹ̀ padà, ó dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Sàláwù gbé àǹkárá kan wá fún Morónkẹ́, ó sì tún béèrè òróró díẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Morónkẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ nínú àgbẹ̀dẹ. Kò jókòó.

"Bàbá Agathe, ọ̀rọ̀ kan wà. Ìkarahun yẹn, èmi ni mo—"

"Èmi ni mo kó mẹ́sàn-án jáde láìfọ́ ẹnu wọn," ni Lábọ̀dé parí rẹ̀ fún un. "Ògiri búrígádì kò nípọn. Láti àárọ̀ Àbámẹ́ta ni mo ti gbọ́."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan?"

"Mo ń dúró dè ọ́ ni. Ọdún méjìlá ni ẹ̀yin ojú rẹ ti gba ọwọ́ gbogbo ọdẹ Kétu là. Ṣé nítorí tìróò ni màá ṣe gbàgbé ìyẹn?" Ó na òòlù sí i. "Ó yá, jẹ́ ká parí iṣẹ́."

Morónkẹ́ sunkún díẹ̀, kò fi pamọ́. Lábọ̀dé ti tú ọta márùn-ún tí Barnabé kò rí yìn, ó ti da ẹ̀tù wọn nù. Ó to ìkarahun wọn sílẹ̀, pẹ̀lú èyí tó há sínú ìbọn àti èyí tí wọ́n rí lójú ọ̀nà Ìlárá. Méje nìyẹn. Morónkẹ́ yọ ìgò tìróò tirẹ̀ láti etí ìró, ó dà á nù, ó sì yí ìdí rẹ̀ sókè sójú ìmọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àgbélébùú tó fọwọ́ ara rẹ̀ ha wà níbẹ̀ rekete. Oṣù mẹ́ta ló ti ń gbé e sún mọ́ ojú láràárọ̀, kò rí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rín gbà á, ó rẹ́rìn-ín títí tí tìróò fi ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Méjọ.

"Ó ku ọ̀kan," ni Lábọ̀dé wí. "Ìyẹn ti lọ nìyẹn. Ta ló mọ obìnrin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ẹnìkan wú ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Clément ni, kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀, ó yọ nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi ìwé dì láti inú àpò rẹ̀, ó gbé e lé Morónkẹ́ lọ́wọ́.

"Thérèse ìyàwó mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ó sì ní kí ẹ bá òun wá ìgò mìíràn."

Morónkẹ́ tú ìwé náà. Ó wo ìdí idẹ, ó rí àgbélébùú rẹ̀, ó gbé e sórí irin pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì kàn wọ́n lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan títí mẹ́sàn-án fi pé. Lẹ́yìn náà ló wá àga fún Clément, torí oúnjẹ ti jinná.